Ìka Tó Ṣẹ̀: Ta Ni Òfin Ní Kí Ó San Owó?

Ó ṣòro kí a tó rí àdúgbò kan ní ilẹ̀ Àkókó, láti Ọ̀kà tí ó fi òkè ṣe odi títí dé Ìkàrẹ́, àti láti Ìkàrẹ́ wọ Arigidi, ìlú Zaki, tí àwọn àgbà ibẹ̀ kò tíì pe ìpàdé rí nítorí tiransifọ́mà tí ó jóná. Bí ẹ̀rọ náà bá ti bú gbàù lóru, tí òkùnkùn sì ti bo ilé olówó àti ilé òtòṣì mọ́lẹ̀ bákan náà, kì í pẹ́ tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó lé ilé kọ̀ọ̀kan lórí: ti onílé yàtọ̀, ti ayálégbé yàtọ̀, ti àwọn ọmọ ìlú tí ń bẹ l'Ékòó àti ní òkè òkun sì ń wúwo ju ti ará ilé lọ; opó tí ń ta ata wẹ́wẹ́ ní ẹ̀bá ọ̀nà pàápàá kò ní yọ sílẹ̀, nítorí gílóòbù kan ń tàn nínú yàrá rẹ̀. Wọn a dá owó náà jọ, wọn a ra ẹ̀rọ, wọn a sì tún sanwó fún àwọn tí yóò gbé e gun òpó. Ní ọjọ́ tí iná bá sì padà dé, ariwo ayọ̀ a gba àdúgbò kan, gbogbo ènìyàn a sì gbàgbé ìbéèrè tí ó ti yẹ kí wọ́n béèrè kí kọ́bọ̀ kan tó jáde lápò: gbèsè ta ni a ń san yìí?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò, nítorí ó ti pẹ́ tí ó ti ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú owó tí àwọn ènìyàn wa ń fi omijé san ni òfin kò dì lé wọn lórí rárá, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn sì wà tí wọ́n rò pé kò kàn wọ́n, tí ó sì wà lọ́rùn wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé. Àwọn baba wa mọ ìlànà tí ó tọ́. Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni wọ́n ní ọba ń gé, wọn kò sì sọ pé kí ọba, aláṣẹ èkejì òrìṣà, gé èyí tí ó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Òfin gbèsè ti òde òní kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ náà: ẹni tí ó fi ẹnu tàbí ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àdéhùn, tàbí ẹni tí ó gba ohun tí wọ́n ń tà tí ó sì lò ó, ni olówó lè dì mú. Bí a bá jọ ń gbé, bí a bá jọ jẹ́ ìyekan, bí nọ́ńbà wa bá wà nínú fóònù ara wa, ìyẹn nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di onígbèsè.

Ti iná ni kí a kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Nígbà ECN, àti nígbà NEPA tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1972, ìjọba ni ó ni òpó, òun ni ó ni wáyà, òun náà ni ó sì ń gba owó. Ní oṣù kọkànlá 2013 ni ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, tí BEDC, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú Benin, sì gba Edo, Delta, Èkìtì àti Oǹdó. Láti ọjọ́ náà ni òpó àti tiransifọ́mà ti di irinṣẹ́ òwò fún ilé-iṣẹ́ tí ń ta iná, tí a sì ti ka owó àtúnṣe wọn àti owó ẹ̀rọ tuntun mọ́ iye tí oníbàárà ń san lórí iná tí ó bá lò. Ìdí nìyí tí NERC, àjọ tí ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ iná ní orílẹ̀-èdè yìí, fi kọ ọ́ gbangba sínú àwọn ẹ̀tọ́ oníbàárà pé kì í ṣe ojúṣe oníbàárà tàbí ti ìlú láti ra tiransifọ́mà àti òpó, láti pààrọ̀ wọn, tàbí láti tún wọn ṣe. Ẹni tí ó bá ń san owó iná rẹ̀ lóṣooṣù, tí ó sì tún dá owó tiransifọ́mà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó san owó ohun kan ṣoṣo.

N kò sọ èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn ìlú wa. Àáró àti ọ̀wẹ̀ ni a fi gbé ilẹ̀ yìí ró. Owó tí àwọn alágbẹ̀dẹ, àgbẹ̀ àti ìyálọ́jà dá jọ ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé Àkókó ti jáde, kò sì sí ẹni tí ó lè ní kí aláìsàn máa jókòó sínú òkùnkùn títí ilé-iṣẹ́ kan yóò fi rántí ojúṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ ní orúkọ tirẹ̀, gbèsè sì ní tirẹ̀. Ìlànà tí NERC gbé jáde ní 2015 lórí ìdókòwò nínú ohun èlò iná fi àyè sílẹ̀ pé bí oníbàárà tàbí ìlú kò bá lè dúró, wọ́n lè fi owó ara wọn ṣe iṣẹ́ náà, kí ilé-iṣẹ́ iná sì dá owó náà padà fún wọn, ṣùgbọ́n kí àdéhùn kíkọ ti wà láàárín wọn ṣáájú. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. A ó ra ẹ̀rọ tán, a ó gbé e sókè tán, wọn yóò ti so ó mọ́ wáyà ilé-iṣẹ́, kí ẹnìkan tó rántí pé kò sí ìwé kankan tí a fi lè béèrè owó náà padà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí ó bá kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí ilé-iṣẹ́ iná kí wọ́n tó dá owó, tí ó sọ iye tí ẹ̀rọ náà jẹ́, tí ó béèrè bí wọn yóò ṣe dá a padà, tí kò sì jẹ́ kí a ná owó títí ìdáhùn alákọsílẹ̀ fi dé, ti ṣe ohun tí ó tóbi fún ìlú rẹ̀.

Bíìlì tí wọ́n fi ojú dá fún àwọn tí kò ní mítà náà ń fa ìjà. Ní 2020 ni NERC fi gbèdéke sí iye tí ilé-iṣẹ́ iná lè bù fún oníbàárà bẹ́ẹ̀ lóṣù kan, kí ẹni tí ó ní gílóòbù méjì má baà máa san owó ẹni tí ń fi ẹ̀rọ amúlétutù sùn. Bí iye tí wọ́n kọ bá ya ènìyàn lẹ́nu, kí ó kọ̀wé láti fi ẹ̀hónú rẹ̀ hàn, kí ó sì san iye tí ó wà lórí bíìlì tí kò bá wọn jiyàn lé lórí kẹ́yìn, títí wọn yóò fi yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá dákẹ́ tí kò kọ̀wé, tí kò sì san nǹkan kan, ni ó fi ara rẹ̀ sábẹ́ ìjàǹbá. Wọn kò gbọdọ̀ ja iná ènìyàn láìfún un ní ìwé ìkìlọ̀ ṣáájú. Ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ iná náà ni a ó kọ́kọ́ mú ẹjọ́ lọ. Bí wọn kò bá dáhùn, ibi tí a ó gbà lọ lẹ́yìn náà ti yí padà fún àwa ará Oǹdó: lẹ́yìn àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa àti Òfin Iná Mànàmáná ti 2023, tí wọ́n fún ìpínlẹ̀ láṣẹ láti ṣe àkóso iná nínú ààlà rẹ̀, NERC gbé àṣẹ náà lé OSERB, àjọ ìpínlẹ̀ Oǹdó fúnra rẹ̀, lọ́wọ́ ní 2024.

Ọ̀rọ̀ gbèsè tí ayálégbé kan fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó gba yàrá lẹ́yìn rẹ̀ le díẹ̀ ju ti tiransifọ́mà lọ. Nínú òfin àdéhùn, ẹni tí kò sí nínú ilé nígbà tí wọ́n lo iná kò jẹ gbèsè iná náà. Ṣùgbọ́n orúkọ ilé àti nọ́ńbà àkántì ni ilé-iṣẹ́ iná ń kọ sínú ìwé rẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí àkántì náà ni wọ́n mọ̀, tí ó sì jẹ́ pé onílé ni lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí náà, bí ọmọ Adekunle Ajasin University bá gba yàrá ní Àkùngbá, tí ó sì ń san owó iná rẹ̀ déédéé, gbèsè ọdún mẹ́ta tí àwọn tí ó ti jáde ilé ìwé fi sílẹ̀ lè máa gbé owó náà mì. Àjẹsílẹ̀ gbèsè ni kì í jẹ́ kí ẹgbẹ̀fà tó ná. Onílé ni ó yẹ kí ó dojú kọ ilé-iṣẹ́ iná lórí gbèsè àtijọ́, kí òun náà sì wá àwọn tí ó sá lọ kàn. Kí ayálégbé tuntun tó kó ẹrù wọlé, kí ó béèrè bíìlì tí ó dé kẹ́yìn, kí ó ya àwòrán nọ́ńbà tí mítà wà, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ilé pé gbèsè tí ó ti wà ṣáájú ọjọ́ náà kì í ṣe tirẹ̀. Inú ìwé kan náà ni kí wọ́n ti sọ ẹni tí yóò tún òrùlé ṣe bí ìjì bá ṣí i, àti ẹni tí yóò san owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lórí ilé. Bí ilé bá ní yàrá mẹ́jọ, tí mítà rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan, bí àwọn ará ilé ṣe pín owó láàárín ara wọn jẹ́ àdéhùn tiwọn nìkan. Ilé-iṣẹ́ iná kò sí níbẹ̀, kò sì ní gbà á ní àwáwí pé ẹni tí ó wà ní yàrá ẹ̀yìn ni kò mú tirẹ̀ wá.

Ní ti tọkọtaya, àṣà wa ti ṣíwájú òfin àwọn òyìnbó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di 1882 kí òfin tó gbà pé ohun ìní obìnrin tí ó ti wọlé ọkọ jẹ́ tirẹ̀ tán pátápátá, ṣùgbọ́n ìyá Yorùbá ti ń ní ìsọ̀ tirẹ̀, owó tirẹ̀ àti gbèsè tirẹ̀ láti ayébáyé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lónìí. Bí ọkọ bá yá owó láti ra ọkọ̀ akẹ́rù, olówó kò lè kó aṣọ tí ìyàwó ń tà. Bí ìyàwó bá gba ọjà àwìn ní Ìkàrẹ́, ọkọ kò jẹ onísọ̀ ní gbèsè àfi bí ó bá ti ṣe onídùúró. Ohun tí ó yàtọ̀ ni oúnjẹ, aṣọ àti ìtọ́jú ilé, tí òfin ka sí ẹrù baálé, àti ìtọ́jú àwọn ọmọ, tí ó wà lọ́rùn baba àti ìyá.

Owó ilé ìwé wà lára ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní 1955, nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, lórí ètò tí Olóyè Michael Adekunle Ajasin, ọmọ Ọ̀wọ̀, kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, ni àwọn ọmọ Àkókó ti ń wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìsan owó. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2004 sì ní kí ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé ìjọba, kí ó sì jẹ́ dandan: ìjọba ni yóò san owó ẹ̀kọ́, òbí ni yóò rí i pé ọmọ lọ. Òbí tí wọ́n bá ní kí ó san owó ìkọ́ni fún ọmọ rẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti béèrè lórí òfin wo ni wọ́n gbé e lé.

Ibi tí ó ń ká mi lára jù ni ti àwọn tí wọ́n ń mú nítorí gbèsè tí wọn kò jẹ. Láyé àtijọ́, bí olówó bá bínú, a rán ológò lọ dógò ti onígbèsè. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921, ṣàpèjúwe irú àlejò bẹ́ẹ̀: a wọlé bí ẹni pé òun ni ó kọ́ ọ, a jókòó gẹlẹtẹ, a fi ariwo da ilé rú, a sì pa adìyẹ tàbí ẹran ọ̀sìn tí ó bá kọ́kọ́ rí jẹ, kò bìkítà ẹni tí ó ni ín, kí àwọn ará ilé lè fi ìpọ́njú ara wọn fún onígbèsè lọ́rùn. Baba a sì máa fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà, kí ọmọ tí kò mọ̀dí owó máa sìn lóko olówó títí baba yóò fi rí owó san. Nígbà ìjọba àwọn òyìnbó ni òfin fi òpin sí ìwọ̀fà, ológò náà sì ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí tí ń bẹ nínú wọn kò tíì kú, nítorí títí di òní olówó a máa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọn a sì lọ mú ìyá arúgbó wá nítorí ọmọ tí ó sá lọ s'Ékòó.

Òfin kọ èyí pátápátá. Òfin ìdájọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni rọ́pò ẹni tí a ń wá, ó sì sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí ọ̀rọ̀ àdéhùn tí ó yẹ̀ lásán. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 tún un sọ. Gbèsè lásán kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Ẹni tí ó bá fi irọ́ gba owó, tàbí tí ó fi ìwé sọ̀wédowó tí kò ní owó nídìí tan ènìyàn jẹ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, nítorí ìyẹn ti di jìbìtì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yá owó tí òwò sì dojú dé, ilé-ẹjọ́ ni a ń mú un lọ. Mo bẹ ẹ̀yin àgbà àdúgbò, bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n mú ìyá ẹnìkan nítorí gbèsè ọmọ rẹ̀, ẹ má ṣe dá owó. Ẹ wá agbẹjọ́rò.

Àwọn tí ń yáni lówó lórí fóònù náà ti di ológò ti ayé òde òní. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá yá owó lọ́wọ́ wọn, tí kò sì san, wọn a máa fi ọ̀rọ̀ ìdójútì ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tí ó wà nínú fóònù rẹ̀, sí àbúrò ìyá rẹ̀, sí pásítọ̀ rẹ̀, sí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tí ó jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀. Láti 2022 ni FCCPC, àjọ tí ń gbèjà oníbàárà, ti gbé ìlànà kalẹ̀ fún irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni a ti lè fi ẹjọ́ wọn sùn. Ní ti onígbèsè fúnra rẹ̀, kí ó má ṣe rò pé òun lè sá fún gbèsè báńkì nípa ṣíṣí àkántì síbòmíràn, nítorí láti 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti fún báńkì tí a jẹ lówó ní ọ̀nà láti gba owó rẹ̀ nínú àkántì mìíràn tí onígbèsè náà ní. Ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó ti bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀je.

Ẹni tí ó yẹ kí ó bẹ̀rù ni onídùúró, ó sì jọ pé òun gan-an ni kì í bẹ̀rù. Nínú àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, láàárín àwọn olùkọ́ àti àwọn oníṣòwò, ojú àánú ni a fi ń dúró fún ara wa: ọ̀rẹ́ mú ìwé wá, a kò kà á, a fọwọ́ sí i, nítorí pé ó dà bí ẹni pé kíkà rẹ̀ yóò jẹ́ àìfọkàntán. Ní ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ kò bá san, gbèsè náà di ti onídùúró bí ẹni pé òun ni ó jẹ ẹ́, ẹgbẹ́ sì lè máa yọ ọ́ nínú owó tí ó ti fi pamọ́. Bí ó bá san án tán, ó ní ẹ̀tọ́ láti gba owó náà padà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyẹn bí ọ̀rẹ́ náà bá ní in. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ọlọ́kadà tí ó gbé ẹni tí ọkọ̀ kọlù wá, tàbí aládùúgbò tí ó sin aboyún wá lóru, kò jẹ ilé ìwòsàn ní nǹkan kan nítorí àánú tí ó ṣe. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù fún un pé kí ó fọwọ́ sí i, kí ó kà á, nítorí ìlà kan lè wà níbẹ̀ tí ó sọ ọ́ di ẹni tí yóò san owó. Ìtọ́jú pàjáwìrì kò gbọdọ̀ dúró de ọ̀rọ̀ yìí: Òfin Ìlera ti 2014 sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tí ó wà nínú ewu, ó sì fi owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà lé e, òfin 2017 sì sọ bákan náà nípa ẹni tí ìbọn bà, yálà ó mú owó wá tàbí kò mú un wá. Bí ara aláìsàn bá ti yá, gbèsè náà wà lọ́rùn rẹ̀, ilé ìwòsàn sì lè gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí wọ́n tì í mọ́ inú wọ́ọ̀dù.

Ó ku gbèsè òkú. Ìgbàgbọ́ wa ni pé ọmọ ni yóò san gbèsè baba, kí orúkọ ìdílé má baà bàjẹ́, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni kọ àṣà tí ó lẹ́wà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí òfin sọ ni pé ohun ìní òkú ni yóò san gbèsè òkú. A ó kọ́kọ́ yọ owó ìsìnkú tí ó mọ níwọ̀n, a ó san gbèsè, lẹ́yìn náà ni a ó tó pín ìyókù, ìbáà ṣe ní ìdí-igi tàbí ní orí-ò-jorí. Bí oko kòkó, ilé àti owó tí baba fi sílẹ̀ kò bá tó gbèsè tí ó jẹ, olówó ni yóò fara mọ́ àdánù ìyókù. Kò lè gba ilé tí ọmọ fi owó ara rẹ̀ kọ́, àfi bí ọmọ náà bá ti ṣe onídùúró fún baba rẹ̀ nígbà ayé. Ẹ̀wẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n bá sáré ta ọkọ̀ baba, tí wọ́n pín owó rẹ̀, tí wọ́n sì fi ra aṣọ ẹbí kí wọ́n tó bi ẹnikẹ́ni léèrè gbèsè, kò lè fi ọ̀rọ̀ yìí sá àsálà, nítorí olówó lè bá wọn dé ibi tí iye ohun tí wọ́n mú dé. Kí ẹbí yan àwọn tí yóò lọ gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní ilé-ẹjọ́ gíga, kí àwọn wọ̀nyí kọ gbogbo gbèsè àti gbogbo ohun ìní sílẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tí baba jẹ lówó mú ẹ̀rí wá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.